Nọ́ńbà Ìsàlẹ̀: Bí Fraction Ṣe Dé Kóòtù Láti Èkó

  

Ọ̀rọ̀ ọmọ praimárì la fẹ́ sọ lónìí: fraction. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ kọjá sí èyí tó kàn. Ẹ dúró ná. Ìṣirò tí tíṣà fi yọ yín lẹ́nu ní praimárì fọ́ọ̀ ni ìdílé kan ní Èkó gbé lọ sí kóòtù, tó dé kóòtù kejì, tó sì sọdá òkun dé London. Ìṣirò yẹn kan náà ló ń pinnu iye tó máa wọ àkáǹtì yín tí wọ́n bá pín owó ilé bàbá àgbà yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Tẹ́ ẹ ò bá mọ ohun tí nọ́ńbà òkè ń ṣe àti ohun tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń ṣe, ohun tí wọ́n bá fún yín náà lẹ máa gbà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀.

Obì ló kọ́kọ́ kọ́ wa

Kí Òyìnbó tó dé ni Yorùbá ti ń pín nǹkan. Ẹ wo obì. Gbànja ní awẹ́ méjì. Tẹ́ ẹ bá là á, tẹ́ ẹ fún ọ̀rẹ́ yín ní awẹ́ kan, ìdajì lẹ fún un. Obì abàtà ńkọ́? Èyí tó jẹ́ aláwẹ́ mẹ́rin ni àwọn àgbà máa ń wá tí wọ́n bá fẹ́ ṣe nǹkan pàtàkì. Awẹ́ kan níbẹ̀, ìdámẹ́rin nìyẹn. Awẹ́ mẹ́ta, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ó di 3/4.

Ẹ tẹ́tí sí bí èdè wa ṣe sọ ọ́: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Mẹ́ta ni nọ́ńbà òkè, èyí tí tíṣà ń pè ní numerator. Iṣẹ́ kíkà ló ń ṣe: awẹ́ mélòó ló wà lọ́wọ́ mi? Mẹ́rin ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀, ìyẹn denominator. Iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Kò bá yín ka ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń sọ pé ọ̀nà mélòó ni wọ́n pín odindi sí. Ìlà tó wà láàárín méjèèjì, òun ni "nínú".

Ìlà yẹn náà ní ìtàn. Àwọn ará India ti ń kọ nọ́ńbà kan lé orí èkejì tipẹ́, àmọ́ wọn kì í fa ìlà sí i. Al-Hassar, onímọ̀ ìṣirò kan tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kejìlá ní apá Morocco, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìlà sáàárín. Nígbà tó yá, ọmọ Ítálì kan tí wọ́n ń pè ní Fibonacci, tó kọ́ ìṣirò nígbà èwe rẹ̀ ní ìlú Béjaïa ní Algeria, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Liber Abaci ní 1202, ibẹ̀ ni Yúróòpù ti mú un. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé fraction kò kan Áfíríkà, ẹ ní kó lọ wo ìlà àárín yẹn dáadáa.

Òfin kan ṣoṣo ló wà tí a ò gbọ́dọ̀ gbàgbé: awẹ́ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá gé búrẹ́dì Àgége sí mẹ́rin, tí ọ̀kan tóbi, tí mẹ́ta kéré, ẹ ò lè sọ pé ẹni tó mú èyí tó kéré mú ìdámẹ́rin. Ó mú ẹyọ kan nínú mẹ́rin lóòótọ́, àmọ́ ìdámẹ́rin kọ́ ló mú.

Ìpín yàtọ̀ sí ìdá

Ibi tí ọ̀rọ̀ Èkó ti wọlé nìyí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Èkó sọ pé Ọlọ́fin pín ilẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìran àwọn ọmọ yẹn la mọ̀ sí Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè onífìlà funfun tó ni ilẹ̀: Arómirẹ́, Olúwa, Onírù, Olótò àti àwọn yòókù. Ààfin Ọba Èkó fúnra rẹ̀, Ìgá Ìdúngànrán, orí ibi tí Arómirẹ́ ń fi ṣe oko ata ló wà.

Àmọ́ ẹ wò ó, ohun tí Ọlọ́fin ṣe yẹn, ìpín ni. Ẹnì kan gba etí omi, ẹlòmíì gba erékùṣù, ẹlòmíì gba igbó. Kò sẹ́ni tó mú okùn wọ̀n ọ́n pé ó dọ́gba. Kò sì dà wọ́n láàmú, torí kò sẹ́ni tó ń ta ilẹ̀ nígbà yẹn. Kálukú ń gbé níbẹ̀, ó ń dáko, ó ń pẹja, ó sì ń fún àlejò níbi tó máa kọ́lé sí.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861 ni nǹkan yí padà. Ìwé ilẹ̀ dé. Kóòtù dé. Ayálégbé tó ń san owó lóṣooṣù dé. Ilé tí bàbá kọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti máa gbé di ilé tó ń mówó wá. Ẹ mọ̀ pé yàrá kì í ṣe ohun tí èèyàn lè gé sí mẹ́sàn-án. Owó ṣeé gé. Ìgbà tí owó wọ inú ọ̀rọ̀ ẹbí ni ìpín di ìdá, ìgbà yẹn náà sì ni ìjà bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, gbogbo ẹni tó bá ka òfin ní yunifásítì Nàìjíríà ló mọ̀ ọ́n: Dawodu àti Danmole. Ọkùnrin kan wà ní Èkó tó ń jẹ́ Suberu Dawodu. Ó kú láìṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ló fẹ́, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́sàn-án fún un. Ó fi ohun ìní sílẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe máa pín in?

Yorùbá ní ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ìdí-igi. Nínú ìdí-igi, ìyàwó kọ̀ọ̀kan tó bímọ jẹ́ ìdí igi kan. Ẹ máa ka ìdí igi, ẹ máa pín odindi sí iye ìdí igi tó wà, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ìdí igi kọ̀ọ̀kan á lọ pín tiwọn láàárín ara wọn. Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí: orí kan kò ju orí kan lọ. Ẹ ka orí àwọn ọmọ, kí gbogbo wọn gbà dọ́gbadọ́gba.

Ẹ̀yin náà ti rí ibi tí ìjà wà. Kò sẹ́ni tó ń jà lórí nọ́ńbà òkè. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn gbé lọ sí kóòtù. Ṣé mẹ́rin ni ká kọ síbẹ̀ ni, àbí mẹ́sàn-án?

Adájọ́ Olúmúyìwá Jibowu, ọ̀kan lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga, ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà. Lójú tiẹ̀, orí-ò-jorí ló bá ìgbà mu: mẹ́sàn-án. Àwọn tí kò tẹ́ lọ́rùn gbé e lọ sí Federal Supreme Court. Ní 1958, àwọn adájọ́ ibẹ̀ dá ìdájọ́ náà nù. Wọ́n ní ìdí-igi ṣì jẹ́ àṣà Yorùbá tó múlẹ̀: mẹ́rin. Ẹjọ́ náà kò dúró síbẹ̀. Ó lọ sí Privy Council ní London, ibi tí ẹjọ́ Nàìjíríà máa ń parí sí nígbà yẹn. Ní 1962, ọdún méjì lẹ́yìn òmìnira wa, Privy Council náà fara mọ́ mẹ́rin. Wọ́n ní àṣà yìí kò ta ko ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere.

Àwọn adájọ́ kò pa orí-ò-jorí rẹ́ o. Wọ́n ní ọ̀nà tuntun ni, pé tí àwọn ọmọ bá ń bára wọn jà lórí ohun tó kàn wọ́n, olórí ẹbí lè pinnu pé òun ló yẹ kí wọ́n lò kí ìjà lè parí. Àmọ́ tí kò bá ti sí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀, ìdí-igi ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é

Ẹ gbé calculator inú fóònù yín jáde. Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ ti ara mi ṣàlàyé, kì í ṣe ti ìdílé Dawodu. Ká ní bàbá kan fi ilé sílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, owó tó ń tibẹ̀ wá lọ́dún jẹ́ ₦1,440,000. Ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án. Ìyá àkọ́kọ́ bí mẹ́rin, ìkejì bí méjì, ìkẹta bí méjì, ìkẹrin bí ẹyọ kan.

Tó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba 1/9. ₦160,000 nìyẹn. Ó parí.

Tó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdí igi kọ̀ọ̀kan gba 1/4, ìyẹn ₦360,000. Ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá kẹrin bí ló máa kó gbogbo rẹ̀: ₦360,000. Àwọn ọmọ méjì-méjì yẹn á pín 1/4 tiwọn sí méjì, ó di 1/8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ₦180,000. Àwọn ọmọ mẹ́rin ti ìyá àkọ́kọ́ á pín 1/4 tiwọn sí mẹ́rin, ó di 1/16: ₦90,000.

Bàbá kan náà, ilé kan náà. Ọ̀kan gba ₦360,000, ọ̀kan gba ₦90,000, nọ́ńbà òkè gbogbo wọn sì jẹ́ ení.

Ibí yìí ni àṣìṣe tí ọmọ praimárì máa ń ṣe ti ń pa àgbàlagbà lára. Ọmọdé máa wo 1/16 àti 1/4, á ní 1/16 ló tóbi jù, torí mẹ́rìndínlógún ju mẹ́rin lọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: obì kan tí ẹ̀yin mẹ́rin pín, àti obì kan náà tí ẹ̀yin mẹ́rìndínlógún pín. Èwo ni tiyín máa tóbi níbẹ̀? Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó kàn yín á máa kéré sí i. Tí ẹni tó ní 1/16 bá kú, tó bí ọmọ márùn-ún, ọmọ kọ̀ọ̀kan di 1/80. ₦18,000 lọ́dún. Ilé kò kéré o. Àwọn èèyàn ló pọ̀ sí i.

Àṣìṣe kejì ńkọ́? Ká ní ẹni tó ní 1/8 fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ tó ní 1/16, ó ní kí wọ́n san tòun fún un lọ́dún yìí. Èló ló máa gbà? Àwọn kan á ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀: 2/24. Ẹ ṣe é wò, ₦120,000 ló máa jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 1/8 nìkan ti tó ₦180,000! Ó gba ẹ̀bùn, owó rẹ̀ wá dín kù sí èyí tí wọ́n fún un? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Awẹ́ wọn ni kò dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ gé 1/8 sí méjì, kó di 2/16. Ó ti bá èkejì dọ́gba báyìí. 2/16 àti 1/16, ó di 3/16: ₦270,000. Nọ́ńbà òkè nìkan la máa ń rò pọ̀, torí òun ló ń kà. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ kì í ṣe iye nǹkan, orúkọ awẹ́ ni.

Ẹni tí wọ́n kà, tí wọn ò fún

Ohun kan wà nínú ìdí-igi tí mi ò lè gbójú fò. Kí ló sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ di mẹ́rin? Àwọn ìyàwó ni. Àwọn la kà. Àmọ́ nínú àṣà Yorùbá tí kóòtù ń tẹ̀ lé, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún. Ìyàwó wà nísàlẹ̀ ìlà, kò sí lókè rẹ̀. Wọ́n fi orí rẹ̀ pín odindi, wọn ò sì fi awẹ́ kankan sí i lọ́wọ́.

Ti ọmọbìnrin yàtọ̀. Ní 1924, nínú ẹjọ́ Lopez àti Lopez, ní Èkó níbí, kóòtù gbà pé ọmọbìnrin ní ẹ̀tọ́ bíi ti ọmọkùnrin nínú ohun ìní ẹbí. Tí ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin bá ń sọ fún yín pé obìnrin kì í bá wọn pín ilé bàbá, ẹ bi í pé àṣà ìlú wo nìyẹn, torí kì í ṣe ti Èkó.

Ní ilé Mùsùlùmí tó bá fi òfin ẹ̀sìn pín ogún, ìṣirò náà tún yí padà. Orí kẹrin Kùránì ló to àwọn ìdá náà: 1/2, 1/4, 1/8, 2/3, 1/3, 1/6. Tí ọkọ bá ní ọmọ, 1/8 ni ti ìyàwó. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, wọ́n á pín 1/8 yẹn, ó di 1/32 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé wa ti ₦1,440,000, ₦45,000 nìyẹn. Ó kéré, àmọ́ ìyàwó wà lókè ìlà. Ọmọbìnrin sì máa ń gba ìdajì ohun tí ọmọkùnrin gbà. Ìṣirò ogún yìí le débi pé al-Khwarizmi, ẹni tí wọ́n fa ọ̀rọ̀ algorithm yọ láti inú orúkọ rẹ̀, fi apá ńlá nínú ìwé algebra rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹsàn-án ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pín ogún. Ohun tó ń gbé fídíò wá sójú fóònù yín lónìí bá ọ̀rọ̀ ogún tan.

Odindi wo la ń sọ?

Ìbéèrè kan ṣì kù, òun sì lèèyàn máa ń gbàgbé jù. Kí ni odindi náà? 1/4 kí ni?

Nínú òfin ilé ẹbí, kò sẹ́ni tó lè nawọ́ sí ògiri kan pé "1/16 tèmi rèé". Títí tí wọ́n á fi pín ilé náà pátápátá, gbogbo ẹbí ló ni gbogbo rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ sí owó tó bá tibẹ̀ wá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn yín. Àmọ́ ẹ ò lè dá ta tiyín. Owó ilé ni odindi tí à ń pín, kì í ṣe ilé fúnra rẹ̀.

Ìjọba ló wá sọ ilé di owó lọ́sàn-án gangan. Ní 1955, Lagos Executive Development Board, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn àdúgbò kan ní àárín Erékùṣù Èkó, wọ́n ní wọn kò mọ́ tónítóní. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tó ṣèwádìí láàárín àwọn ará Èkó nígbà yẹn, tó sì gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ṣàpèjúwe bí ẹbí tó ti ń gbé agboolé kan ṣe fọ́n ká. Ẹ fojú inú wò ó. Nínú ilé, ẹni tó ní 1/80 ń sùn ní yàrá odindi, ó ń bá gbogbo ẹbí jẹun ní àgbàlá odindi. Ní ọjọ́ tí ilé di owó gbà-máà-bínú, ó di ẹni 1/80. Kí ni wọ́n lè fi 1/80 ilé kọ́? Lójú mi, èyí ló ṣàlàyé ìdí tí àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó fi máa ń bínú tí ẹnì kan bá ti dárúkọ "ẹ jẹ́ ká ta ilé yìí." Ẹ̀yin rò pé wọn ò mọ ìṣirò. Wọ́n mọ̀ ọ́n jù yín lọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó ní ká fi Yorùbá kọ́ ọ

Kí ló dé tí mo fi ń fi Yorùbá sọ gbogbo èyí? Torí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó kan ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, tí wọ́n bí ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1923, ló ṣáájú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọdún mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní 1970. Wọ́n mú ọmọ praimárì, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò wà níbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Àwọn yòókù fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì bí a ṣe máa ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù. Fafunwa wá di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Ó kú ní 2010.

Ọmọ tó gbọ́ "denominator" ní kíláàsì gbọ́ ariwo ni. Ọmọ tó gbọ́ "ọ̀nà mélòó ni wọ́n pín odindi sí" ti mọ ohun tó yẹ kó béèrè.

Torí náà, tí wọ́n bá tún pe ìpàdé ẹbí, tàbí tí olórí ẹbí gbé nọ́ńbà kan sórí WhatsApp pé ohun tó kàn yín rèé, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè nǹkan mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni odindi náà, ṣé gbogbo owó tó wọlé ni, àbí èyí tó kù lẹ́yìn àtúnṣe? Ọ̀nà mélòó lẹ pín in sí, ìdí-igi ni àbí orí-ò-jorí? Awẹ́ mélòó ló wá jẹ́ tèmi níbẹ̀? Wọ́n lè ní ẹ̀ ń wo àgbà lójú. Ẹ rọra. Ẹ sọ fún wọn pé ẹjọ́ Dawodu ni ẹ gbọ́ lórí podcast.

Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí àbúrò yín tó wà ní praimárì fọ́ọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sórí grúùpù ẹbí náà. Ó dìgbà kan ná.